Mama Tílì àti Olùdìbò Méjì Tí Kò Lómi

Bí ẹ bá gbọ́ tí ọkọ̀ kan ń kùn bọ̀ láàárọ̀ ní títì Hrádek, tí omi ń kán sílẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn, ẹ má wulẹ̀ yọjú, Tílì ni. Otilie Vrana ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, ṣùgbọ́n ta ló ráyè orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn Texas? Opó ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé sọ́séèjì lọ. Láti ìgbà tí kànga rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ ló ti gbé táǹkì ńlá kan sẹ́yìn pikápù tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, tó ń wà á lọ sí ìgboro láti lọ gbé omi.

Kànga gbogbo wa ló ń gbẹ. Àwọn ará Houston ń ya bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilé tuntun ń hù bí olú, kànga tí wọ́n sì ń gbẹ́ jìn ju tiwa lọ fíìfíì. Bí Tílì bá ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wúkọ́, yóò tu omi pupa díẹ̀ jáde, yóò sì dákẹ́. Darlene, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Houston, fárígá.

"Mọ́mì, mi ò lè máa sùn kí n máa lálàá pé ẹ ti wa ọkọ̀ omi yẹn wọ kòtò. Tí a ò bá rí ọ̀nà tí omi máa gbà dé ilé yẹn kí ooru ọdún yìí tó mú, mò ń bọ̀ wá kó yín. Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

"Ṣé yàrá tó kọjú síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí yẹn?"

"Mọ́mì!"

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ilé yẹn ni wọ́n mú un wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ibẹ̀ ló bí Darlene sí, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ náà ni Ervin ọkọ rẹ̀ jókòó sí lọ́jọ́ tó sùn tí kò jí mọ́. Ó sọ fún Leonard Sulak, bàbá aládùúgbò rẹ̀, pé òun ò fẹ́ lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ adùn kolache òun, àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń fi èso sí láàárín.

Ìgbà tó yá ni ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan ra pápá wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá ẹkùn omi sílẹ̀, ìyẹn ìjọba kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó yá owó, kó gbẹ́ kànga ńlá, kó ri páìpù, kó sì máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ààlà rẹ̀. Inú wa dùn dé ẹ̀yìn! Trent Haskell, ọkùnrin tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ náà, pè wá sí gbọ̀ngàn ijó, ó sì ta àwòrán ilẹ̀ sára ògiri. Àṣé ààlà ọ̀hún yí gbogbo pápá tí a tà ká, ó wá yà fún ilé wa bí ẹni tó ń yà fún ẹrẹ̀. Páìpù yóò dé ibi ọgbà wáyà, yóò dúró. Títì tiwa tó wà ní òdìkejì, kó máa bá òùngbẹ rẹ̀ lọ.

Tílì dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni, títì tiwa ńkọ́?"

"Mama Vrana, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí wọ́n bá dìbò yàn ló máa pinnu ibi tí páìpù máa dé. Ẹnikẹ́ni tó bá nílẹ̀ nínú ààlà, ì báà má ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, ló lè dupò. Ẹ rí i pé kò sí màgòmágó níbẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó dá a lójú pé ilé-iṣẹ́ òun ló ni gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ wò ó, kò mọ̀ wá. Ọmọ Czech láti Yúróòpù ni wá, ọmọ Czech kì í sì í ta kànga. Bí àwọn bàbá wa ṣe tẹ̀dó síbí ni wọ́n ti sọ ọ́: ta pápá, ta màlúù, ta ẹṣin pàápàá bí ó bá di dandan, ṣùgbọ́n ibi tí kànga rẹ wà, má tà á. Nígbà tí a ń ta pápá, olúkúlùkù wa ló yọ ibi tí kànga bàbá rẹ̀ àtijọ́ wà sílẹ̀, àwọn kànga tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, tí koríko ti bò. Àwọn akọ́lé rò pé eré arúgbó ni, wọ́n sì fa ààlà wọn yí gbogbo rẹ̀ ká.

Tílì fi ìgúnpá gún Leonard lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Leonard, kànga bàbá ẹ, ṣé inú ló wà ni àbí ìta?"

Leonard fẹjú mọ́ àwòrán. "Yéè! Inú ni!"

"Tèmi náà. Ti Hattie náà." Hattie Orsak ni ìyá tó ń tẹ dùùrù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Nínú ẹni márùn-ún, tí ẹni mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀, ta ló máa borí?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Trent rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò kàn tíì rí ìyà rí ni.

"Ẹ lè dupò o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ṣùgbọ́n ta ló máa dìbò fún yín? Ìta ààlà lẹ̀ ń gbé! Ẹ ò tiẹ̀ lè dìbò fún ara yín!"

Òótọ́ ló sọ. Ènìyàn méjì péré ló ń gbé nínú ààlà náà, gbogbo wa ló sì mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é lágbègbè wa nìyẹn: òfin ní kí àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ dìbò, kò sì sẹ́ni tó ń gbé orí ilẹ̀, nítorí náà ilé-iṣẹ́ á wọ́ ilé onítáyà kan wá sórí koríko, á fi ènìyàn sínú rẹ̀, ó di ará ìlú. Wade àti Yesenia ni wọ́n fi síbẹ̀, tọkọtaya tí ìgbéyàwó wọn ò tíì pẹ́. Wade ń ṣọ́ katakata ilé-iṣẹ́, wọn ò sì sanwó ilé.

Ilé-iṣẹ́ rántí iná. Ó rántí ẹ̀rọ amúlétutù. Omi ló gbàgbé. Àwọn tí wọ́n kó wá láti dìbò fún omi, wọn ò ní omi tí wọ́n á fi bọ́jú! Ṣáájú ìpàdé yẹn, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ nípa ìbò, ni Tílì rí Yesenia létí títì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì.

"Ọmọ mi, níbo lò ń gbé ìyẹn lọ nínú oòrùn yìí?"

"Ilé epo ni, Màmá, mo fẹ́ lọ tọrọ omi. Wọ́n ní wọ́n máa gbé táǹkì wá fún wa, a ò tíì rí i."

"Wọnú ọkọ̀, jàre."

Láti ọjọ́ náà, bí Tílì bá ti ń ti ìgboro bọ̀, yóò yà, yóò rọ omi kún àwọn àgbá wọn. Yesenia á fún un ní tamale tó fi háhá àgbàdo dì, Tílì á fún wọn ní kolache, wọ́n á wá máa jiyàn nípa èyí tó dùn jù. Leonard máa ń kọjá, á sì máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Inú ẹkùn omi lẹ wà, ọṣẹ sì ń ta yín lójú!"

Lọ́jọ́ tí Trent rẹ́rìn-ín yẹn, ojú Leonard là. "Tílì, ó ti bọ́ sí i! Lọ bá wọn, sọ fún wọn. Omi ta ni wọ́n ń mu?"

"Leonard Sulak, panu ẹ dé! Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo omi tí mo ti ń gbé látọjọ́ yìí di ọjà nìyẹn. Ilé Trent sì ni wọ́n ń gbé. Tó bá lé wọn jáde ńkọ́? Ṣé inú táǹkì mi ni wọ́n á máa sùn?"

"Ẹni da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù."

"Tó bá tutù, ẹsẹ̀ mi á mọ̀."

Ó fi ẹnu sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bí ìbò ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ ọ̀hún á dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, á gbé e mì. Yesenia ò dárúkọ ìbò rárá. Wade tiẹ̀ ń wolẹ̀ bó bá ti rí i. Tílì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Trent ti kìlọ̀ fún wọn. Ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká àwọn ṣẹ́ẹ̀tì Ervin jọ bí ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ fún Houston.

Ọjọ́ Sátidé ni ìbò. Iwájú ilé onítáyà ni wọ́n gbé tábìlì àti àpótí ìbò sí, obìnrin kan láti ọ́fíìsì lọ́yà ló ń bójú tó o. A gbé àga wa lọ, a gbé bíà lọ, a yan sọ́séèjì. A ò rí ìbò ẹlẹ́ni méjì rí, a ò sì ní í jẹ́ kó kọjá lójú wa.

"Ẹ tò o!" Leonard ń pariwo. "Ẹ má ti ara yín!"

Wade lọ sídìí àpótí, ó padà. Yesenia lọ, ó padà. Ìgbà yẹn gan-an ni Darlene wa mọ́tò dé láti Houston, páálí tí wọ́n fi ń kó ẹrù sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Tílì yíjú kúrò lára wọn.

Obìnrin náà ṣí àpótí, ó ń kà á. Kí wọ́n dá ẹkùn omi sílẹ̀: méjì. Àtẹ́wọ́. Ìgbìmọ̀: Otilie Vrana, méjì. Leonard Sulak, méjì. Hattie Orsak, méjì. Ó wá ka orúkọ ọmọ ilé-iṣẹ́ méjì. Orúkọ Trent, tí òun náà dupò, kò sí níbẹ̀ rárá.

"Wade!" Trent lanu. "Kí lẹ ṣe yìí?"

Ojú Wade pọ́n. "Ọ̀gá, ẹ ní ká dìbò. A dìbò ni."

Yesenia jáde síwájú. "Ọ̀gá, látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé wa síbí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti bi wá pé omi ta là ń mu?"

Trent wo àwọn àgbá. Ó wo pikápù Tílì. Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ọlọ́run mi. Mo gbàgbé omi."

"Ó gbàgbé omi nínú ẹkùn omi!" Leonard rẹ́rìn-ín títí tó fi ṣubú lórí àga. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Trent fúnra rẹ̀ náà bú sẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, kò sì lé ẹnikẹ́ni.

Tílì ń sunkún ní gbangba, kò nu ojú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, Màmá," Yesenia dáhùn. "Ẹ̀yin náà, kí ló dé tẹ́ ò bẹ̀ wá?"

Tílì nu ojú rẹ̀ wàyí. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Darlene, gbé èyí tó tóbi jù wá nínú àwọn páálí yẹn." Kolache tó gbé wá síbi ìbò ló kó kún inú rẹ̀, ó sì ní kí Darlene gbé e wọ ilé onítáyà lọ.

Páìpù kì í ti inú àpótí ìbò jáde. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Tílì tún wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ìgboro, ó sì tún rọ omi kún àwọn àgbá Yesenia. Ṣùgbọ́n Darlene ti rí ọ̀nà tí omi máa gbà, kò sọ̀rọ̀ Houston mọ́. Ìgbìmọ̀ fa ààlà kọjá títì, wọ́n gbẹ́ kànga ńlá, ó sì di ọdún kejì kí páìpù tó dé ojúlé wa.

Lọ́jọ́ tí omi dé, ẹ̀rọ tó wà ní ìta ni Tílì kọ́kọ́ ṣí. Kò wúkọ́. Omi tú jáde, ó mọ́ lóló, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ àga Ervin tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tílì bọ́ bàtà, ó dúró sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá Ìgbìmọ̀!" Leonard ké láti ẹ̀bá ọgbà rẹ̀. "Ẹ ń fi omi ìlú ṣòfò! Ilẹ̀ ọ̀hún, ó tutù àbí kò tutù?"

"Bọ́ bàtà ẹ, arúgbó, kó o wá tẹ̀ ẹ́ wò."

Leonard bọ́ bàtà rẹ̀, ó bá a dúró síbẹ̀.