Ìkíni Tó Sanwó Ọkọ̀

Kí ìyá ìyàwó mi tó di àna mi, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mi sétí. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọwọ́ àwọn tíṣà máa ń há, pé òun ò bímọ fún ahun. Bẹ́ẹ̀, a ò tíì pàdé rí, fọ́tò rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ọmọ rẹ̀ sì ti ní òun ò ní fẹ́ ẹni tí ìyá òun ò bá gbà. Ó ń dùn mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ní Igbó-Ọrà. Dírẹ́bà, tó mọ̀ mí sí tíṣà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan kọ́ sára irin ẹnu ọ̀nà. Bí o bá ti fi káàdì báǹkì kàn án, yóò dún "pì," o ti sanwó nìyẹn, kò sí ìjà ṣéńjì. Mo fi tèmi kàn án, mo ju káàdì sápò àyà ẹ̀wù mi, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, mo ń ṣe bí ọlọ́lá.

Nígbà tá a dé Lanlate, ta ló ń wọlé bọ̀ bí kò ṣe ìyá yìí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í jókòó kí àgbà, àyè ìdọ̀bálẹ̀ ò sì sí. Mo dìde díẹ̀, mo tẹ̀ ba títí àyà mi fi kan irin, mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Pì. Mo tún tẹ̀ ba, mo ní ẹ kú ọ̀nà. Pì. Mo rò pé fóònù ẹnìkan ló ń dún, ni mo bá tún kí i kú ọjà. Pì.

Ìyá nawọ́ owó sí dírẹ́bà, dírẹ́bà ò gbà á. Ó ní tíṣà ẹnu ọ̀nà ti san tiwọn, ó sì ti san ti àwọn méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún mi.

Ojú ìyá tú ká. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Bí mo ṣe dárúkọ bàbá mi, ó mọ̀ pé èmi ni tíṣà tí wọ́n ń sọ, ó sì wò mí látòkè délẹ̀. Ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a, àna ṣíṣe sì ju ogún ọdún lọ. Mo fi káàdì hàn án, mo ní ẹ̀rọ ló gbowó lápò mi, mi ò tilẹ̀ mọ̀.

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti parí fún mi.

"O ò sì ní kí dírẹ́bà dá owó rẹ padà?"

"Màmá, ṣé mo lè gba ìkíni padà lọ́wọ́ yín ni?"

Ìyá yíjú sóde. Ó ń wo pápá lójú fèrèsé títí a fi sún mọ́ Èrúwà. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Yọ káàdì yẹn kúrò láyà. Àwọn àbúrò mi máa wọlé níbí, wọ́n pọ̀, o sì gbọ́dọ̀ kí gbogbo wọn bí àna."