Káyé tí kò ní tábìlì ìṣirò lẹ́yìn

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe káyé kan, ìwé ìkọ̀wé bíi ti ọmọ iléèwé, ìṣẹ́jú kan ni Àlájà fi sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ lónìí.

Inú pálọ̀ mi ní Banikanni ni mo ti ń fọwọ́ rán ìwé. Àlájà tó ń taṣọ ní ọjà Arzèkè yìí ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ẹbí mi.

Kò wo òwú, kò wo bébà tí mo rẹ, tí mo gún, tí mo sá sóòrùn. Ẹ̀yìn káyé náà ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

"Ìyá Múfú, tábìlì dà?"

"Tábìlì wo, Àlájà?"

"Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin! Káyé wo ni kì í ní in lẹ́yìn? Ẹ bá mi parí ẹ̀ kí n tó gbà á o."

Ó yẹ kí n bínú. Èmi ọ̀dẹ̀ mú bíìkì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tábìlì. Nígbà tí mo dé méje lọ́nà mẹ́jọ, mo há.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta," ni Àlájà wí, ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí.

Ó gba ìwé, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀n-ẹ́n, ó wá di káyé."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé iṣẹ́ ni mò ń ṣe yìí, àbí mo kàn ń fi bébà ṣeré? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ṣáà má bi mí ní mẹ́jọ lọ́nà mẹ́sàn-án.