Àpò Irinṣẹ́ Túndé Ti Dé Ilé

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kí yín.

Túndé àkọ́bí mi ló ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Oregun. Láti ọdún mẹ́ta, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀ rí. Lónìí ló gbé e wọlé, ní aago méjì ọ̀sán!

"Túndé, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan, Mọ́mì. Mo kàn fẹ́ fọ àpò yìí ni."

"Àpò tó ò fọ̀ láti ọdún mẹ́ta?"

"Mọ́mì, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀!"

Tíṣà wa ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ṣàlàyé ìdí táwọn Òyìnbó fi ń sọ pé àwọn fún èèyàn ní sáàkì, ìyẹn àpò, tí wọ́n bá lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní láyé àtijọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń fi àpò gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ti gbé àpò lé e lọ́wọ́, kó máa lọ sílé nìyẹn.

Túndé ti sùn. Àpò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, omi ò tíì kàn án.

Ẹ̀yin ará Oregun, ṣé ẹ máa ń gbé irinṣẹ́ yín wálé lásán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó jí.