Àga Dúdú Tí Wọ́n Ṣe fún Oòrùn

Òórùn ike tó ti pẹ́ nínú oòrùn ni mo fi ń rántí Dùgbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ ra àga fún bàbá mi, ìsọ̀ àwọn oníke ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àga funfun tí Bàbá ń jókòó lé níwájú ilé wa ní Agbowó ló lé mi débẹ̀. Oòrùn ti jẹ ẹ́ débi pé ó ń yọ ẹfun sára jalámíà wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń sán.

Bàbá kì í jókòó sínú ilé. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, iwájú ilé ni wọ́n máa ń wà títí di ìrun Àílà, tí àwọn tó ń kọjá á máa kí wọn, tí àwọn náà á sì máa ṣàdúrà fún tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn ikú ìyá wa, ìyẹn nìkan ló kù tó ń mú inú wọn dùn.

Mo sọ fún obìnrin tó ń tajà pé inú oòrùn ni àga náà á máa wà. Ó gba àga pupa kan tí mo dì mú lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín. Inú ilé ni tèyí. Dúdú yìí ni kẹ́ ẹ mú, wọ́n po nǹkan mọ́ ọn tí oòrùn ò fi ní tètè jẹ ẹ́."

Ó nípọn, ó wúwo, ó ní apá. Mo gbé e wálé tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí mo tún ti Challenge tí mò ń gbé wá kí wọn, pálọ̀ ni mo ti bá àga náà, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Bàbá wà níta lórí àga ẹlẹ́fun. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń bá wọn gbé pé kí ló dé.

"Àga tó rẹwà báyìí, kí oòrùn máa bà á jẹ́? Ti àlejò ni."

Mo ní torí oòrùn gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé e jáde, Bàbá fọwọ́ pa á lára, wọ́n ní, "Gbé e padà, má bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà. Èyí ṣì ń gbé mi." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ohun tó dára, àlejò ló ni ín, kí onílé máa fi èyí tó kù mánéèjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá tẹ̀ síwájú láti dá ẹni tó kí wọn lóhùn, ẹsẹ̀ àga dá, wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì kán. Wọ́n gbé wọn dé láti ọsibítù ní Jericho, ṣùgbọ́n wọn ò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Orí ibùsùn ni wọ́n ti ń kírun. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn èèyàn níta, wọn á ní, "Ta nìyẹn? Ṣé ó bèèrè mi?" Inú ṣì ń bí mi dòní tí mo bá rántí ìbéèrè yẹn.

Lọ́jọ́ fídáù wọn, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ya ọ̀rá ara àga dúdú náà. Ó gbé e síbi tí Bàbá máa ń wà gan-an, ó fi lọ ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "O ò rí i? Mo ní á wúlò."

Àga náà ṣì wà níta di bí mo ṣe ń sọ yìí, kò sán, kò ṣá. Nínú ilé tí Bàbá fi òógùn ojú wọn kọ́, ká ní wọ́n lè jẹ́ àlejò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn ì bá ti jókòó lé e.