Lẹ́tà Mẹ́ta Lára Fẹ́sípà Bàbá Mi

Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi sílẹ̀ láyé, ara alùpùpù fẹ́sípà bàbá wa ló sì fi ìṣó kọ wọ́n sí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ha wọ́n dànù lọ́dún tó kọjá, nítorí pé mo fẹ́ kí fẹ́sípà náà dára lójú.

N kò mọ ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà gbé e lọ, wọn kò tíì bí mi. Àwọn àbúrò bàbá mi ló sin ín. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, wọn kò jẹ́ kí àwọn òbí mi débẹ̀, wọn kò sì fi ojú oórì náà hàn wọ́n títí dòní. Kò sí àwòrán rẹ̀ kankan nínú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

Fẹ́sípà náà wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti dípẹtà. Òun ni bàbá mi ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn èèyàn wá rà á, kò tà á. Ìyá mi ní kó jẹ́ kí wọ́n kùn ún, kò gbà. Èmi tí mo máa ń tún ibi tí wọ́n ti gbá gbá, mo kàn gbà pé agídí àgbà ni.

Nígbà tí bàbá mi lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn, mo ní kí wọ́n gbé fẹ́sípà náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Múṣin. Mo fẹ́ fi ya bàbá mi lẹ́nu. Gbogbo Sátidé ni mo ń ti ilé mi ní Sábó lọ síbẹ̀. A tú u palẹ̀, àga, táyà, tánkì, ẹ́ńjìnnì. Inú agolo mílíìkì la kó àwọn nọ́ọ̀tì sí, kẹrosíìnì la fi ń fọ̀ wọ́n. Ó dùn mọ́ mi jọjọ, n kò ní purọ́.

Ní Sátidé kẹta, a dé orí páànù ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó bo ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì náà nu eruku ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó. Ó jọ pé ẹnì kan kọ A, B, D síbí."

"Àwọn ọmọ àdúgbò ni jàre. Ẹ ha á."

"Ẹ kọ́kọ́ kọ́ọ̀lù Dádì ná, ká mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Ṣé ẹni tó fẹ́ ya èèyàn lẹ́nu tún ń pè é ni? Mo gba sáńpépà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ha á fúnra mi. Lẹ́tà tó kẹ́yìn jìn ju àwọn yòókù lọ, ó pẹ́ kó tó parẹ́.

Nígbà tí bàbá mi dé, a ti kun fẹ́sípà náà ní ọ̀dà tuntun, ó wà lẹ́nu géètì, ó ń dún kẹlẹkẹlẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò wá nǹkan lójú páànù náà. Ó tún un wá.

"Dádì, kí lẹ ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ nǹkan síbí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní lẹ́tà ní súkúù nígbà yẹn ni."

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé n kò mọ̀. Òótọ́ ni pé n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ti ní kí n béèrè, mi ò béèrè. Mo ní a lè wá ẹni tí yóò tún un kọ.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀dà tuntun náà nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ tó kọ ọ́, mo nà án," ló wí. "Mo nà án gan-an, nítorí pé ó ba ọ̀dà jẹ́."