Ìka Tí Báńkì Kò Mọ̀

Kí ó tó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ojú gíláàsì kékeré náà, ó kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, fúù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó nù ún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó yí i sókè, ó wò ó bí ẹni tó ń wá eruku lójú pákó tó ti dán tán. Ẹ̀yìn náà ló wá gbé e kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn.

Iná pupa tàn.

"Ẹ tún un tẹ̀, sà," ni ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn káńtà wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Ó tún un tẹ̀. Pupa.

"Ẹ lo ìka mìíràn."

Ó lo ìka ìtọ́ka. Ó lo ti àárín. Pupa, pupa. Ọmọbìnrin náà tẹ nǹkan kan, ó mí sínú.

"Ó ti tì, sà."

"Kí ló tì?"

"Àkáǹtì yín. Bí ìka kò bá bára mu lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ṣe ló máa ń tì. Kì í ṣe èmi ni mo tì í o."

"Ta wá ni?"

"Ẹ̀rọ ni, sà. Ṣé ohun mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe?"

Bàbá Dídán wo káńtà tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Kì í ṣe igi. Bébà tí wọ́n ya àwòrán igi sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ojú kókó kan náà ló sì wà lórí rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ìbú ọwọ́ kan síra wọn. Ó ní kò sí ohun mìíràn. Ó jáde.

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Dídán, tọmọdé tàgbà. Kì í ṣe torí pé orí rẹ̀ pá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rè é tó ti ń ha igi. Àwọn káfíńtà á kan àga, wọ́n á kan tábìlì, wọ́n á gbé e wá fún un ní gbígbẹ, òun á sì mú sáńpépà. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí aṣọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wé sáńpépà mọ́ igi pẹlẹbẹ kan kí ọwọ́ wọn má bàa bó. Òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ gan-an ló máa ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bébà náà. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Pákó a máa sọ̀rọ̀. Igi pẹlẹbẹ kò létí."

Ohun tí sáńpépà ń ṣe fún àwọn àga náà ló ń ṣe fún ìka rẹ̀. Èèyàn lè gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sí ojú oòrùn kí ó má rí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, ì bá rẹ́rìn-ín lọ sílé. Àmọ́ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà. Yàrá gígùn kan ni, tó ní fèrèsé kan ní ìhà ìlà oòrùn. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ á wọlé ní ìdúbùlẹ̀, á máa fara ha ojú pákó lọ, ibi tí ìlà kan bá sì kù sí á fi ara rẹ̀ hàn. Ó ti wo ọ̀pọ̀ yàrá láyé rẹ̀, kò rí irú rẹ̀. Ẹni tó ni ín kú nígbà tí ọdún ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ pín ogún. Àkọ́bí wọn, èèyàn jẹ́jẹ́, ló wá jókòó sórí àpótí nínú yàrá náà.

"Bàbá, ẹ̀yin la kọ́kọ́ fi lọ̀. Owó tí ẹ dá la ó gbà. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá ọjọ́ Ẹtì tó máa gbẹ̀yìn oṣù yìí, ẹni tó fẹ́ máa ta táyà níbẹ̀ ti gbé owó tirẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn àbúrò mi kò ní gbà fún mi."

"Wàá rí mi," ni Bàbá Dídán wí. Owó náà pé ní báńkì. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló sì kù.

Nígbà tó ti báńkì délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé báńkì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ká aṣọ. Ohùn obìnrin kan ní kí ó tẹ oókan, kí ó tẹ ẹẹ́ta, kí ó dúró. Orin bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà tún dá sí i: *Ìpè yín ṣe pàtàkì sí wa púpọ̀.*

"Bó bá ṣe pàtàkì sí i tó bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "kó gbé e."

"Ìyá wọn, ẹ jẹ́ n gbọ́ràn."

"Kí lẹ ń gbọ́? Ẹ ò rí i pé fèrè ni wọ́n ń fun fún yín?"

Ó ká aṣọ mẹ́jọ tán kí ọkùnrin kan tó gbé ìpè náà. Ó ní kí òun tó lè ran bàbá lọ́wọ́, òun ní láti mọ̀ pé àwọn ni. Kí ni orúkọ ẹran ọ̀sìn tí wọ́n kọ́kọ́ sìn?

Bàbá Dídán ronú. "Ajá ni."

"Orúkọ rẹ̀, sà."

"Orúkọ rẹ̀ náà nìyẹn. Ajá là ń pè é. Ó sì máa ń dáhùn."

Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń tẹ nǹkan. "Kò bá ohun tó wà lọ́wọ́ wa mu, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ẹ̀ka wa tó bá sún mọ́ yín jù."

Ìyàwó rẹ̀ ti fi aṣọ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé aṣọ kúrò lójú. Ó fi aṣọ náà sílẹ̀, ó lọ bu omi wá fún un.

Ní ọjọ́ kejì, ó padà lọ. Ọmọbìnrin àná náà ló bá níbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Èmi náà ni mo wá lánàá, ọmọ mi."

Ó wò ó. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ rántí. Lẹ́yìn náà ó wo kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì walẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n gba ìlà ìka bàbá sílẹ̀. Bàbá Dídán rántí. Ọdún tó jábọ́ lórí àkàbà ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú àdìmọ́ tí wọ́n fi to eegun rẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Ìyàwó rẹ̀ ló mú un dé báńkì lọ́jọ́ náà, tó ń tiro. Ọwọ́ rẹ̀ ti sinmi nígbà náà, ó ti rọ̀. Ọkùnrin tí kò lè ṣiṣẹ́ ni báńkì mọ̀.

"Ẹ tún un gbà, nígbà náà," ló wí. "Ọwọ́ mi nìyí."

"A lè tún un gbà, sà. Àmọ́ ẹ máa kọ́kọ́ tẹ ti àtijọ́, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti ń gbọ́ wọn bọ̀. Ó sún mọ́ wọn. "Ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ ń bẹ nínú ilé, ilé sì ti tì pa. Àǹtí, mo mọ bàbá yìí. Bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sùn lé, àwọn ló dán an. Ìyàwó mi tilẹ̀ máa ń ní mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì náà ju òun lọ."

"Ẹ̀rọ kì í gba ẹ̀rí ẹ̀ṣọ́, sà."

"Èmi náà kò gba ti ẹ̀rọ gbọ́. Ṣé ẹ̀rọ náà kò ní sinmi ni?"

"Ẹ padà sídìí ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀ṣọ́ padà, ó ń kùn. Ọmọbìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ ó sì dà bí ọmọ ẹnì kan.

"Bàbá, birikìlà ni bàbá mi. Símẹ́ǹtì jẹ tiwọn náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi fọwọ́ kan iṣẹ́, màmá mi ń fi ìpara pa á fún wọn láàárọ̀ lálẹ́. Ìlà náà hù padà, àkáǹtì wọn sì ṣí. Kò sí nínú ìwé wa o. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́."

Ó fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti nàró padà. "Ṣé ohun mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe, sà?" ló wí sókè ketekete.

Ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kà á lórí ìka bó ṣe ń lọ: Ọjọ́bọ̀ ni yóò pé, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Àga mẹ́jọ ìyàwó lọ́yà kan sì wà nílẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́, tó ti gba àsansílẹ̀ lé lórí, tó sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún ọjọ́ Ajé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe rò ó tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ra ìbọ̀wọ́ òwú, ó wọ̀ ọ́, ó lọ jókòó nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ bí àlejò. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ abọ́, òun ló ń bọ́ bọ́tìnì fún un, òun náà ló ń gé èékánná rẹ̀.

"Ọba ni mo fẹ́, n kò sì mọ̀," ló wí. "Kábíyèsí, ṣé kí n bá yín họ ẹ̀yìn?"

"Ẹ họ ọ́. Lápá òsì díẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó lọ́yà dé. Ó rí àwọn àga náà ní funfun bí wọ́n ṣe gbé wọn wá. Ó rí Bàbá Dídán tó wọ ìbọ̀wọ́, tó jókòó.

"Bàbá, ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá, ìyá."

"Kí ló wá dé?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ta ni á sọ pé báńkì ní kí òun má ṣiṣẹ́ kí ó lè dá òun mọ̀? Ó ní kí wọ́n má bínú. Ó yọ owó àsansílẹ̀ láti inú àpò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Obìnrin náà kò bá a jà, ì bá sì sàn kí ó bá a jà. Ó ní kí awakọ̀ rẹ̀ máa kó àwọn àga náà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń fara ha ilẹ̀ lásán lọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ìyàwó rẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó fà á dé ojú fèrèsé, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

"Wọ́n ti hù. Ẹ wò ó, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí."

Ó wò ó. Òótọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ fi àtàǹpàkò náà ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó tún gbé e wò.

"Kí ló dé?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Kò sí. Ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíì ni."

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá lẹ́yìn káńtà. Ó béèrè ọmọbìnrin tó ń jókòó níbẹ̀.

"Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ẹ̀ka mìíràn, sà. Kí la lè ṣe fún yín?"

Kò fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn gbé e lé e. Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀rọ ti dá yín mọ̀, sà. Ẹ kú oríire."

Bàbá Dídán mú ìwé kékeré kan jáde, tí nọ́ńbà àkáǹtì àkọ́bí onílé wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n san owó yàrá sínú rẹ̀. Ó dúró títí wọ́n fi tẹ ìwé ẹ̀rí fún un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sí àpò àyà. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kó ìyókù fún òun, kí wọ́n sì ti àkáǹtì náà pa.

"Pátápátá, sà?"

"Pátápátá."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Ẹ máa sọ ìdí. Ẹ mú ọ̀kan: owó tí à ń yọ pọ̀ jù, ẹ̀ka wa jìnnà sí ilé yín, ẹ ti rí báńkì mìíràn, ẹni tó ni àkáǹtì ti kú."

"Mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ojú sókè. "Ìyẹn kò sí níbẹ̀, sà."

"Mo mọ̀."

"Kí n mú èyí tó bá sún mọ́ ọn?"

"Èwo ló sún mọ́ ọn?"

Ó tún fọ́ọ̀mù náà kà, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè. Níkẹyìn ó fa ìlà sí ọ̀kan. Bàbá Dídán kò wo èyí tó fà á sí. Ó ka owó rẹ̀, ó fi sínú báàgì, ó tẹ àtàǹpàkò fún ìgbà ìkẹyìn.

"Ṣé ohun mìíràn..." ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, kò sì parí rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. "Bàbá, wọ́n ti wá mọ̀ yín?"

"Ẹ kí ìyàwó fún mi," ni Bàbá Dídán wí.

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkòríta, ó ra sáńpépà mẹ́fà, ó ká wọn pọ̀ sábẹ́ apá, ó sì kọjá sí òdì kejì títì, ó ń lọ.