Mo Lọ Wo Ògiri Tí Bàbá Mi Mọ ní Abẹ́òkúta

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo ti jókòó níwájú bọ́lẹ̀kájà ní Mákun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, nítorí ẹni bíi tèmi kì í bá ewúrẹ́ jókòó lẹ́yìn ọkọ̀. Lóòótọ́, ìwé kejì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó mọ bíríkì tò jù mí lọ ní gbogbo Rẹ́mọ wá. Bàbá mi ló kọ́ mi. Mo sì máa ń sọ fáyé gbọ́ pé òun ló mọ ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n ọkùnrin tó wà ní Abẹ́òkúta. Àfi bí Sànúsí ará Ìjokù ṣe dìde nípàdé ẹgbẹ́ bíríkìlà wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá yín mọ ọ́n ni, àbí inú ẹ̀ ló ti ṣẹ̀wọ̀n?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní n ó lọ wò ó, ohun tí mo bá sì rí ni n ó wá sọ.

Ṣílè méjì ni owó ọkọ̀. Eruku ọ̀nà sọ agbádá funfun mi di aláwọ̀ osùn. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní iwájú lẹ fẹ́ o," ni dírẹ́bà wí. Ní Abẹ́òkúta, orí àpáta ni wọ́n ń kọ́lé sí. Mo jẹ láfún tọ́rọ́ kan níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ìkọ́kọrẹ́ dé.

Wọ́dà arúgbó kan, ìyẹn ẹni tí ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ló pàdé mi lẹ́nu géètì. Mo ní ọmọ ẹni tó mọ ògiri yìí ni mí. Ó wò mí títí.

"Amọ̀ ni nígbà tí mo wọṣẹ́. Òjò ń wó o, ẹlẹ́wọ̀n ń sá lọ. Ni wọ́n bá ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn fi bíríkì mọ òmíràn. Bíríkìlà ìta kankan ò fọwọ́ kàn án."

Á jẹ́ pé ẹlẹ́wọ̀n ni bàbá mi nígbà náà. Bàbá kò sọ ohun tó gbé e débẹ̀ fún wa rí. Mo béèrè bóyá ó rántí ọkùnrin kan tí kò ní ìka ọmọńdinrín lọ́wọ́ ọ̀tún, bíi ti bàbá mi.

"Háà! Baba Rẹ́mọ! Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kó ru ẹrù òun, ó ní bíríkì ni orí òun ń rù. Wọ́n bá jù ú síbí. Tí bíríkì ìlà kan bá wọ́, á ní kí wọ́n wó o. Àfi bí ẹni pé òun lọ̀gá wa!"

Ó mú mi lọ sí igun ẹ̀yìn ògiri náà. Nílé wa, bí a bá mọ ògiri tán, ọ̀gá á tẹ ọwọ́ mọ́ ọn kó tó gbẹ. Ọwọ́ náà rèé, ìka mẹ́rin géérégé. Mo gbé tèmi lé e. Ògiri náà kò sì ní ojú sísán kan.

Mo délé, n kò tíì mu omi tí mo ti wà nípàdé ẹgbẹ́ ní Ìjokù.

"Ó ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀," mo wí lójú gbogbo ẹgbẹ́, "ó sì mọ ọ́n. Sànúsí, ìwọ tí o wà ní òmìnira, ògiri tìẹ ti èṣí dà?"

Ó ṣí fìlà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tí kò bá rìnrìn àjò, ààbọ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò máa yìn.